Ẹni tó pẹ́ nínú kóòmà: ìrètí wo ló bá òótọ́ mu?

Kò sí oṣù tí irú fídíò yìí kì í yí ká lórí WhatsApp: ẹnì kan tó ti wà nínú kóòmà láti ọdún pípẹ́ ṣàdédé lajú, ó pe ìyá rẹ̀, gbogbo ilé bú sẹ́kún ayọ̀. Ohun rere ni ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní Adó-Èkìtì, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìdó, ní Ìkọ̀lé, àwọn ìdílé wà tí èèyàn wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí, tí wọ́n ti ń pè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́ta tí kò dáhùn. Bí fídíò náà bá wọlé sórí fóònù wọn lóru, oorun dá nìyẹn. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tọ nọ́ọ̀sì lọ: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé tiwa náà kò lè rí bẹ́ẹ̀?" Lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀gbọ́n kan á pè láti Èkó pé òun ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, kí wọ́n gbé e lọ sílé, kí wọ́n yé da owó sómi.

Àwọn tó wà láàárín ohùn méjèèjì yìí ni mò ń kọ èyí fún. Mo gbà pé ìrètí wà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo sì gbà pé ìrètí tí kò mọ ohun tó ń wá máa ń ṣe ìdílé léṣe: á jẹ wọ́n lówó, á sì jẹ́ kí wọ́n fojú fo àmì kékeré tó yẹ kí wọ́n rí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn lẹ́yìn kóòmà kò ṣókùnkùn tó bí a ṣe rò. Ó dá lórí ohun tó gbé e dé ibẹ̀, iye ọjọ́ tó ti lò, ọjọ́ orí rẹ̀, àti ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì náà nísinsìnyí.

Kóòmà gan-an kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀

Ẹni tó wà nínú kóòmà di ojú rẹ̀. Ariwo kò jí i, ìrora kò jí i, kò sì sí pé ó sùn lóru kó tún lajú ní ọ̀sán. Ipò yìí kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Nígbà tó bá fi máa tó bẹ́ẹ̀, ẹni náà á ti kú, tàbí kó ti máa jí bọ̀, tàbí kó ti bọ́ sí ipò mìíràn tó ń da ìdílé lọ́kàn rú ju kóòmà lọ. Ojú á là. Á máa ṣẹ́jú, á máa yán, á máa sùn lóru, nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín tàbí kí omijé bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí àmì kankan pé ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lọ́dọ̀ òun. Ọdún 1972 ni Bryan Jennett àti Fred Plum kọ̀wé láti ṣàlàyé ipò yìí fún àwọn dókítà yòókù. Ibí yìí ni èdèkòyédè ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ìyá á ní, "Ọmọ mi ti jí, ẹ wò ó, ojú rẹ̀ là." Dókítà á ní kò tíì jí. Ìyá á rò pé dókítà kò fẹ́ kí ọmọ òun yè, bẹ́ẹ̀ ohun tí dókítà ń sọ ni pé apá ọpọlọ tó ń jí ara ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n apá tó ń mọ nǹkan kò tíì dá a lóhùn.

Ipò mìíràn tún wà lẹ́yìn èyí, òun ló sì yẹ kí ìdílé fojú sí jù. Aláìsàn ń mọ díẹ̀, ṣùgbọ́n mímọ̀ náà kò dúró lójú kan. Lówùúrọ̀ ó lè fi ojú bá ọ lọ bí o ṣe ń rìn láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lọ síbi fèrèsé, lálẹ́ kó máà ṣe é mọ́. Ó lè fún ọ lọ́wọ́ nígbà tí o ní kó fún ọ lọ́wọ́, kó tó di ọjọ́ kejì kó dà bíi pé irọ́ lo pa. Ọdún 2002 ni àwọn dókítà ọpọlọ, Joseph Giacino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fẹnu kò lórí àmì tí wọn yóò fi mọ ipò yìí, torí wọ́n ti rí i pé ara àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń yá ju ti àwọn tí kò mọ nǹkan kan rárá lọ.

Ohun méjì mìíràn wà tí kì í ṣe kóòmà, tí àwọn èèyàn sì máa ń pè bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú pátápátá, títí dé ibi tó so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò lè mí fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ẹyin ojú rẹ̀ kò mira sí iná tọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ dáadáa tó sì rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ti ibẹ̀ padà rí. Èkejì ni ti ẹni tó mọ ohun gbogbo, tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí gbogbo ara rẹ̀ ti rọ àyàfi ojú. Ojú rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò, ó sì lè ṣẹ́jú láti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ará ilé ló máa ń kọ́kọ́ rí i pé ojú yẹn ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ GCS 5 tàbí GCS 8 sára fáìlì, òǹkà tí Graham Teasdale àti Jennett ṣe ní ìlú Glasgow ní 1974 ni. Wọ́n ń fi máàkì sí bí ojú ṣe ń là, bí ẹnu ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí ọwọ́ ẹsẹ̀ ṣe ń dáhùn. 3 ló kéré jù, 15 ló pọ̀ jù, 8 sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kóòmà. Ẹ máa béèrè nọ́ńbà náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀. Bó ṣe ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó gbé e dé ibẹ̀

Lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ títí dé Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà Adó sí Ìfàkì, ọ̀kadà àti mọ́tò ló ń kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dé ọsibítù pẹ̀lú orí tó fọ́, ọ̀pọ̀ wọn láìdé àkẹtẹ̀ ọlọ́kadà rárá. Àwọn àgbà wa ní tiwọn, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń já iṣan inú ọpọlọ wọn. Àwọn mìíràn wà tí ọkàn wọn dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, àwọn aboyún tí gìrì mú, àwọn alátọ̀gbẹ tí ṣúgà ara wọn lọ sílẹ̀ jù, àwọn ọmọdé tí ibà wọ inú ọpọlọ wọn.

Gbogbo wọn lè dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù kan náà, kí wọ́n dákẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n ìrètí wọn yàtọ̀ gan-an. Ọmọ tí ibà gbé lọ sábà máa ń jí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí oògùn bá tètè wọ ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń kú, tí ó sì máa ń fi àbùkù sílẹ̀ lára àwọn mìíràn. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ lè jí lórí abẹ́rẹ́ bí wọ́n bá tètè mọ̀. Bó bá pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹni tí orí rẹ̀ fara gbá sàn ju ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró lọ, torí pé ìfarapa máa ń mú apá kan ọpọlọ kó sì fi apá kan sílẹ̀, àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ àti afẹ́fẹ́ kò bá dé ọpọlọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló ń jìyà pọ̀.

Àkójọ tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1994 fi èyí hàn kedere. Wọ́n wo àwọn àgbàlagbà tó ti pé oṣù kan tí ojú wọn là ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ nǹkan kan. Nínú 100 tí ìjàǹbá gbá lórí, 52 ló ti mọ ara wọn kí ọdún kan tó pé, 33 ti kú, 15 ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Nínú 100 tó jẹ́ pé àìsàn tàbí àìrí afẹ́fẹ́ ló gbé wọn débẹ̀, 15 péré ló mọ ara wọn, 53 kú, 32 kò yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ ka gbólóhùn náà dáadáa: wọ́n mọ ara wọn. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ títí láti wẹ̀, láti jẹun, láti rántí nǹkan.

Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2021, lórí àwọn tí orí wọn fara pa gidigidi, tún fi ọkàn ẹni balẹ̀ díẹ̀ sí i. Nínú àwọn tó yè tó jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ kejì wọn kò mọ nǹkan kan, nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún ló ti mọ ara wọn kí ọdún tó yí po. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n lè yẹ̀ wò, ẹnì kan nínú mẹ́rin péré ló lè sọ ọjọ́ tí wọ́n wà àti ibi tí wọ́n wà láìṣì. Ìtọ́jú tó yanjú ni àwọn èèyàn wọ̀nyẹn rí láti wákàtí àkọ́kọ́. Tiwa, tí wọ́n bá gbé ẹni tí orí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ sí àárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, tí ọrùn rẹ̀ ń mì lọ mì bọ̀, tó wá lo wákàtí púpọ̀ kó tó rí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, èyí á ti gé kúrò nínú ìrètí kí dókítà tó fọwọ́ kàn án. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 kò sì gbà kí ilé ìwòsàn kankan lé ẹni tó wà nínú ewu padà. Kí ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó ni òfin wí.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, dókítà ni o, pásítọ̀ ni o, fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lé yín lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìlànà tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2018 sọ pé láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́, kò yẹ kí wọ́n máa sọ fún ìdílé pé kò lè dára láé. Ìlànà náà ló tún yọ ọ̀rọ̀ pé ipò kan jẹ́ "títí láé" kúrò fún àwọn tó ti pẹ́, torí àwọn díẹ̀ máa ń yí padà lẹ́yìn ọdún kan. Ní ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí àyẹ̀wò rẹ̀ tó ṣeé gbára lé.

Àwọn tó jí lẹ́yìn ọdún púpọ̀

Àwọn ìtàn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gé e kúrú. Terry Wallis, ọmọ Arkansas ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń mẹ́nu bà jù. Mọ́tò rẹ̀ já bọ́ lórí afárá ní 1984. Ní 2003, lẹ́yìn ọdún 19, ó pe ìyá rẹ̀. Ohun tí fídíò kì í sọ ni pé kì í ṣe kóòmà ni Wallis wà fún ọdún 19 yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń mọ díẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti ń rí i tó ń dáhùn lọ́nà tirẹ̀. Wọ́n ń gbé e wálé lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó gbà pé ọdún 1984 ni wọ́n ṣì wà. Kò lè rìn, kò sì lè di ọ̀rọ̀ tuntun mú sọ́kàn. Ó wà pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ títí tó fi kú ní 2022. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó jọ pé àwọn okùn inú ọpọlọ ti ń so mọ́ra padà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Èyí jẹ́ ayọ̀ ńlá, mi ò fẹ́ bu omi tútù sí i. Ṣùgbọ́n ìdílé tó bá ń retí pé ọmọ wọn yóò dìde lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ń retí ohun tí Wallis pàápàá kò rí.

Jíjí lẹ́yìn kóòmà tó pẹ́ kì í ṣe bí ìgbà tí NEPA mú iná dé. Ojú á kọ́kọ́ là. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé nǹkan. Ọwọ́ á wá ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún. Ọ̀rọ̀ á dé, èyí tó bọ́gbọ́n mu àti èyí tí kò bọ́gbọ́n mu.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó ń dẹ́rù ba ìdílé jù lè dé: aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Á fa rọ́bà imú tí wọ́n fi ń bọ́ ọ yọ, á lu nọ́ọ̀sì, á bú bàbá rẹ̀ tí kò bú rí láyé, á pariwo lóru pé wọ́n fẹ́ pa òun. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ti gbé ọmọ wọn kúrò ní ọsibítù ní àsìkò yìí gan-an lọ síbi tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ láti lé ẹ̀mí àìmọ́. Ọpọlọ tó ń jí láti inú ìfarapa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tíì mọ ibi tó wà, kò lè di ohun tí ẹ sọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn mú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ní ti ẹni tí orí rẹ̀ fara pa, àmì pé ó ń gòkè bọ̀ ni. Ibi tó pa rọ́rọ́, iná tí kò mọ́lẹ̀ jù, èèyàn kan tàbí méjì tó mọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Ọsibítù lo wà, o fara pa, èmi Ìyá Dáyọ̀ rèé," ló ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí ojú dókítà lè má rí

Ní 2006, Adrian Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé obìnrin ọmọ ọdún 23 kan sínú ẹ̀rọ tó ń ya iṣẹ́ ọpọlọ. Gbogbo àyẹ̀wò orí bẹ́ẹ̀dì ti fi hàn pé kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní kó máa fọkàn ro pé òun ń gbá tẹ́níìsì. Apá ọpọlọ tó ń darí ìrìn ara tàn gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó ń gbọ́ wọn! Ní 2024, ìwádìí tó gbòòrò jáde láti orílẹ̀-èdè púpọ̀: nínú 241 tí kò dáhùn sí àṣẹ kankan lórí bẹ́ẹ̀dì, 60 ni ọpọlọ wọn ń tẹ̀ lé àṣẹ náà nínú. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Látìgbà tí mo ti ka èyí, mi ò lè gbà á kí ẹnikẹ́ni dúró níbi orí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kó máa sọ̀rọ̀ ìnáwó òkú tàbí kó máa bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí ilẹ̀.

Irú àyẹ̀wò ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ohun tí ìdílé Èkìtì máa rí ṣe lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá fara balẹ̀ ṣe léraléra ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ìwádìí kan ní 2009 rí i pé nínú àwọn tí dókítà ti ní wọn kò mọ nǹkan kan, nǹkan bí 40 nínú 100 ló ń mọ díẹ̀ nígbà tí wọ́n lo ọ̀nà àyẹ̀wò tó péye. Lára ohun tí ọ̀nà yẹn ń lò ni dígí lásán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: ẹ mú dígí tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ gbé e sí iwájú ojú rẹ̀ títí yóò fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ rọra gbé e lọ sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀. Ojú tí kò tẹ̀ lé ìka dókítà, tí kò tẹ̀ lé tọ́ọ̀ṣì, lè tẹ̀ lé ojú ara rẹ̀. Bí ó bá ń tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta lọ́jọ́ tó yàtọ̀ síra, ẹ pe dókítà kó wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ "ó fún mi lọ́wọ́" nílò ìṣọ́ra. Bí ẹ bá fi ìka sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan, ọwọ́ náà lè dì í mú fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ ìkókó. Ẹ bi í ní ohun tí ara kì í ṣe fúnra rẹ̀: "Àjàyí, na àtàǹpàkò sókè." Ẹ dúró, ẹ ka ogún nínú ọkàn yín, torí ó lè pẹ́ kó tó gbọ́ kó tó ṣe. Lẹ́yìn náà, "Fi ọwọ́ mi sílẹ̀." Ẹni tó lè fi ọwọ́ yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ ní kó fi í sílẹ̀ ń gbọ́ yín. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ aago, ohun tí ẹ ní kó ṣe, ohun tó ṣe, ẹni tó rí i. Dókítà tó bá wá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè bá a lásìkò tó sùn. Ìwé yín ni yóò sọ ohun tó ń ṣe ní aago mẹ́fà ìdájí tí ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ohùn ẹ̀yin ará ilé náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní 2015, ìwádìí kékeré kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn 15 tí orí wọn fara pa: wọ́n gba ohùn ìdílé sílẹ̀ tí wọ́n ń sọ ìtàn tí aláìsàn náà mọ̀, wọ́n ń gbé e sí i létí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó gbọ́ ọ gòkè ju àwọn tí kò gbọ́ lọ. Èèyàn 15 kéré, ẹ má kà á sí oògùn. Ṣùgbọ́n àwa tí ìyá wa fi oríkì jí wa láràárọ̀, kí ló ń dá wa dúró? Ẹ fi oríkì rẹ̀ kì í. Ẹ sọ ìtàn ọdún tó jábọ́ lórí igi máńgòrò. Kí ó jẹ́ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa, torí ariwo púpọ̀ ń rẹ̀ ẹ́.

Nípa oògùn, èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni amantadine, oògùn tí wọ́n ti ń lò fún àìsàn mìíràn tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2012 lórí èèyàn 184 tí orí wọn fara pa rí i pé ó mú kí wọ́n tètè máa gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi lò ó. Kò wúlò fún gbogbo èèyàn, ó sì lè fa gìrì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà, ẹ má rà á fúnra yín.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ ni ìrètí ń dúró lé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó kú lẹ́yìn oṣù kejì, ọpọlọ kọ́ ló pa wọ́n. Egbò ìdí tó ti jẹ dé egungun, àìsàn inú ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀ tó kó kòkòrò ló pa wọ́n. Èyí dùn mí ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lọ, torí ohun tí a lè dènà ni. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ rí ẹni yí i ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nínà lójoojúmọ́ bí àwọn físíò, àwọn tó ń na ara fún aláìsàn, ṣe fi hàn yín. Bí ìgúnpá àti orúnkún bá ti ká kò, ẹni tó jí ní oṣù kẹfà kò ní lè fi ara yẹn ṣe nǹkan.

Ẹ má sì fi ohunkóhun sí i lẹ́nu kí wọ́n tó sọ pé ó ti lè gbé nǹkan mì. Mo mọ bó ṣe ń rí lára ìyá Èkìtì tí ọmọ rẹ̀ kò jẹ iyán láti oṣù méjì, tó wá ń fi ìka kan ọbẹ̀ sí i lẹ́nu bí nọ́ọ̀sì bá yíjú. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí wọ́n rọ òróró ìyàsímímọ́ tàbí àgbo sí i lọ́fun. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ fi òróró pa á níwájú orí, ẹ gbàdúrà, kò sí nọ́ọ̀sì tó máa dá yín dúró. Oúnjẹ rẹ̀, ògì, ẹyin lílọ̀ àti mílíìkì, ẹ jẹ́ kó gba rọ́bà imú, kí orí rẹ̀ wà lókè nígbà náà àti fún nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti ọmọ tí gìrì mú, àgbo ìtọ̀ màálù fúnra rẹ̀ lè fa ṣúgà ara lulẹ̀ kó sì ti ọmọ náà sínú kóòmà.

Ní Èkìtì, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá náà sì wà ní Adó. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kí ẹ lọ sí UCH Ìbàdàn, níbi tí Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962. Kí ẹ tó gbéra, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: kí ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀ tí kò ṣeé ṣe níbí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ tàbí ẹ̀rọ kan pàtó, ẹ lọ. Bó bá jẹ́ pé ìtọ́jú ojoojúmọ́ kan náà ni, owó mọ́tò àti yàrá tí ẹ máa gbà ní Ìbàdàn lè gba èèyàn méjì tó máa yí i padà lóru ní Adó fún oṣù mélòó kan.

Gbígbé e lọ sílé kì í ṣe pé ẹ ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí kò bá nílò ẹ̀rọ mímí mọ́, tí ibà kò sí, tí nọ́ọ̀sì sì ti kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa fi rọ́bà bọ́ ọ, ilé lè sàn fún un. Ẹ pín iṣẹ́ náà láàárín ara yín kí ẹ tó gbé e, ẹni tó ń ṣe ọ̀sán àti ẹni tó ń ṣe òru. Ìyàwó tó bá ń dá a ṣe á dùbúlẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó lè máa san owó ẹni tó ń ṣe òru.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti ń gòkè bọ̀, tó ń fojú tẹ̀ lé yín, tó wá dúró lójijì tàbí tó ń padà sẹ́yìn, ẹ má gbà pé ibi tó máa dé náà nìyẹn. Omi lè ti kún inú ọpọlọ lẹ́yìn ìfarapa, iṣẹ́ abẹ sì lè tú u. Gìrì tí kò hàn síta lè máa mú un. Oògùn oorun tàbí oògùn gìrì tí wọ́n ń fún un lè ti pọ̀ jù fún un. Kòkòrò lè wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé ìwé kékeré yẹn dání, ẹ padà sí ọsibítù lọ́sẹ̀ náà, ẹ ní kí wọ́n tún orí rẹ̀ yà, kí wọ́n sì yẹ gbogbo oògùn rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.